Opó Ilé Wa àti Ìṣó Kan

Ọjọ́ tí a la opó ilé wa jẹ́ ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé láé.

Nígbà tí wọ́n wó ilé bàbá àgbà wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, opó kan ṣoṣo la rí yọ nínú òkìtì igi gbogbo àdúgbò. Ìyá àgbà fẹ́ fi ṣe àga, ṣùgbọ́n kò dá wọn lójú pé tiwa ni. A gbé e lọ sí ibi ìlagi kékeré kan létí ọ̀sà.

"Igi Bùràsíìlì ni," ni Alàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wí. Lójú tiwọn, ohun gbogbo nínú ẹbí wa, títí kan ikọ́ wọn, Bùràsíìlì ló ti wá.

"Ràmónì, ìrókò Ìjẹ̀bú ni," ni ìyá àgbà dá Alàájì lóhùn. "Àbí ìwọ lo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òkun fún un?"

Ayùn wọ igi. Lójijì ó han gooro, iná ta jáde, gbogbo wa sá. Alàájì ló ṣíwájú. Ìṣó títẹ̀ kan tí ọ̀dà ti bò mọ́lẹ̀ ni ayùn bá pàdé.

Ìyá àgbà fọwọ́ kan ìṣó náà. "Bàbá yín ló tẹ̀ ẹ́ báyìí, kí tẹ̀sùbáà tí wọ́n ń fi kọ́ sí i má baà jábọ́. Tiwa ni."

Àga náà wà nínú yàrá tí a háyà báyìí, ìṣó sì wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì fi tẹ̀sùbáà bàbá àgbà kọ́ sí i. Alàájì ń sọ fún àlejò pé ìṣó Bùràsíìlì ni. Ilẹ̀ ni ìyá àgbà ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.