Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Kọ́ Láti Máa Ní "A Dúpẹ́"

Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo sì kúnlẹ̀.

Itamaga ni ọ́fíìsì wa wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín àwọn ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́ ti kú, wọ́n sì ní kí n kọ ètò tí yóò mú kọ̀ǹpútà tuntun ṣe bíi tirẹ̀, kí ètò àtijọ́ tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò lè máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ètò àtijọ́ bá bi kọ̀ǹpútà pé báwo ni òtútù ṣe rí, tí kọ̀ǹpútà ò sì rí i kà, nọ́ńbà àṣìṣe ni yóò fi dáhùn. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tuntun yàtọ̀ sí èyí tí ètò àtijọ́ mọ̀. Mo jókòó túmọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àṣìṣe kankan má baà sọnù lọ́nà.

Nígbà tí a fẹ́ fi iṣẹ́ náà hàn, wáyà tó ń wọn òtútù ò wọlé dáadáa, àṣìṣe sì kún ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi fajú ro.

"Yọ gbogbo ìyẹn. Kó máa dá òdo padà."

"Ọ̀gá, òdo túmọ̀ sí pé kò sí wàhálà o."

"Bí wọ́n bá kí ìwọ láàárọ̀, ṣé ibi tó ń dùn ẹ́ lo máa ń kà sílẹ̀? Ṣebí a dúpẹ́ lò ń wí. Kí ni wọ́n tiẹ̀ kọ́ ẹ ní yunifásítì?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò ní yọ ọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jókòó tó yọ ọ́.

Kò pẹ́, wáyà náà já, yàrá yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí gbóná láìsí ẹni tó mọ̀. Ètò béèrè òtútù, kọ̀ǹpútà kùnà, ètò tiwa dá òdo padà, ó ní a dúpẹ́. Òtútù tó kà kẹ́yìn kí wáyà tó já ló ṣì wà lójú ẹ̀rọ bí ẹja ṣe ń jẹrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá tó ṣáájú àwọn ẹlẹ́ja, ẹni tó máa ń pè mí ní "ọmọ mi onímọ̀", wò mí lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo wo ẹ̀rọ yín láàárọ̀ kí n tó lọ sódò. Ó ní dáadáa ni. Ta ló kọ́ ọ nírọ́?"

Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi kí n má dárúkọ òun. "Ẹ má bínú, mà," ni mo wí.

Kò pè mí lọ́mọ mọ́. Òórùn ẹja tó jẹrà yẹn bá mi dé ibùdókọ̀ Benson. Ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ sún kúrò. Nílé, ìyá mi bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Mo ní a dúpẹ́, ojú sì tì mí ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ.

Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò tíì dá ohun tí ẹ yọ padà? Ìgbà wo lẹ máa lọ bá ìyá yẹn, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ẹni tó yọ ọ́?