Iná Tó Ń Pọ́n Bí Ìyàwó Bá Wọlé

Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti da ọkọ obìnrin aránṣọ kan dùbúlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó gbé máṣínnì ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ran apá aṣọ kan tán, á dìde, á yí ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á nù ún lára, á na èjìká rẹ̀ tó ti gan. Ìdí ọkùnrin náà ti kú, kò mọ ìrora níbẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká yẹn máa ń ro ó gan-an. "Olówó orí mi, ẹ má bínú," ni ìyàwó máa ń sọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láti mọ̀: ṣé ọkùnrin yìí tiẹ̀ mọ̀ pé òun ìyàwó rẹ̀ ni?

Nígbà tí ilé ìwòsàn yá wọn ní fìlà kan tó ń ka ohun tó wà lọ́kàn aláìsàn, inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Wáyà tín-ín-rín so fìlà náà mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan. Bí inú aláìsàn bá dùn, iná fìlà náà á tàn ní àwọ̀ ewé; bí ìrora tàbí ẹ̀rù bá mú un, á pọ́n. Aránṣọ bọ́jú, ó tún irun ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ ya fọ́tò, ó sì wọ yàrá.

Iná pọ́n.

Ó jáde, iná rọlẹ̀. Ó tún wọlé, ó tún pọ́n. Kò tíì fọwọ́ kàn án o!

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jókòó, ó ń dá àpárá, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn. Iná tàn ní àwọ̀ ewé, kò yẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo ń fi àbúrò mi ṣe nílé yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń yí wọn ni. Ó máa ń dùn wọ́n, àmọ́ tí mi ò bá yí wọn, ara wọn á dégbò."

"Ẹnu ẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Lóòótọ́, kò purọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, fìlà yẹn ò sì béèrè ìdí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹbí gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbé ọkọ, wọ́n gbé fìlà lọ sílé rẹ̀. Inú bí aránṣọ débi pé ó ran ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò oníbàárà kan pọ̀. Kì í ṣe ti ẹbí ló sì dùn ún jù, ti ọkọ rẹ̀ tí iná rẹ̀ ń pọ́n sí i ni.

Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù, ó ń yangàn. "Látìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, iná ò pọ́n rí!"

Aránṣọ rò ó wò. Ẹni tí wọ́n ń yí, ṣé iná rẹ̀ ò ní pọ́n ni? Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó wọkọ̀.

Látẹnu ọ̀nà, ó rí ọkùnrin náà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, rédíò ń kọrin fún un, iná ń tàn ní àwọ̀ ewé. Bó ṣe wọlé ni iná pọ́n, ó sì ká aṣọ kúrò lára rẹ̀. Òórùn gba yàrá kan. Egbò ìdí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eegun.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ di èjìká ọkọ rẹ̀ mú, iná tún pọ́n sí i.

"Ó ń dùn ún o!"

"Mo mọ̀, ma. Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ wọn mú."

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó ti ń fẹ́ mọ̀ látọjọ́ yìí, ó ti wá mọ̀ ọ́n: ọkùnrin náà mọ̀ pé òun ni. Ìyẹn gan-an ló ń mú iná pọ́n.

"Olówó orí mi, ẹ má bínú," ló wí, ó sì yí i.