Àwọn Tó Ń Kí Bàbá Àgádágodo

Ó yẹ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣì í sọ: ní ìrọ̀lẹ́, bí Bàbá Àgádágodo bá ti ti sítọ́ọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tán, tó ti rìn dé ìdí géètì, ó gbọ́dọ̀ padà lọ fa àgádágodo náà wò, kó sì sọ fún un pé, "Ó dàárọ̀ o." Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà a máa ráhùn pé òun ò rí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ gbà rí.

Ìrẹsì àti ìyẹ̀fun àlìkámà ló kún sítọ́ọ̀ náà, àpò lórí àpò títí kan òrùlé. Ní gbogbo ọdún tí bàbá yìí fi ń ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó kà á kún ní àdúgbò. Àwọn ọmọ iléèwé a kàn fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni fo gọ́tà.

Àfìgbà tí rédíò sọ pé ogun ń jà níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà, pé ọkọ̀ ojú omi ò rìn mọ́. Bàbá ò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Búrẹ́dì wọ́n, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ìrẹsì wọ́n, onígbàjámọ̀ fá irun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn ń béèrè àlàáfíà orúnkún rẹ̀, orúnkún tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ó dé ibi pé kò nílò rédíò mọ́: bí ìkíni bá ti gùn, ó ti mọ̀ pé owó ọjà tún ti lé sí i.

"Bàbá wa, ẹ ò ní kú lójú wa o," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Àmín. Ẹ̀yin náà ò ní kú lójú mi."

"Ṣé gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé yẹn ò ti máa bàjẹ́ báyìí?"

"Èmi ò wo inú. Ìta ni wọ́n ní kí n máa wò."

Síbẹ̀, ó pe ọ̀gá lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ta díẹ̀ fún ará àdúgbò. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojú ọjà ò tíì dáa tó. Ẹ ṣáà máa fa àgádágodo yín."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìkíni dáwọ́ dúró. Wọn ò bínú, wọn ò bú u. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọjá. Onígbàjámọ̀ nìkan ló lanu, níbi tó ti ń nu abẹ rẹ̀:

"Bàbá, ilẹ̀kùn yẹn, ṣé inú ló ń ṣí sí ni, àbí ìta?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Bàbá obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ wá bá a nílé.

"Bàbá, ẹ má lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Kò sẹ́ni tó ń rán aṣọ mọ́. Àpò ni wọ́n ń ní kí n rán. Ẹnìkan gbé kọ́tìnnì olódòdó ilé rẹ̀ wá. Mo ní kí lẹ fẹ́ kó sí i? Wọ́n ní kí n ṣáà rán ìdí rẹ̀ kó le."

"O wá rán an?"

"Mo rán an, Bàbá. Mo sì rán àpò tèmi náà."

Bí wọ́n bá fọ́ sítọ́ọ̀, orí ta ni ọ̀gá yóò di ẹ̀bi rẹ̀ lé? Bí òun bá sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, orí ta ni igi yóò kọ́kọ́ bà? Bàbá rò ó síwá sẹ́yìn, orí kan ṣoṣo náà ló ń bọ́ sí i lójú.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò yọ lópin títì, wọ́n ká àpò mọ́ abíyá, ariwo kankan ò sí. Ó rí kọ́tìnnì olódòdó. Ó rí onígbàjámọ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀. Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó fa àgádágodo wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárọ̀ ni, kò sì mọ ohun tí òun máa sọ fún un. Ó wá yíjú sí èrò náà láti kí wọn.

Èdè wa ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń dirun lọ́wọ́, fún ẹni tí òjò pa. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kí èrò tó mú àpò òfìfo lọ́wọ́, tí ọmọ ẹni sì wà láàárín wọn?