Ọjọ́ tí Ìyọkúrò Yé Mi

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nínú ilé wa ní Tudu, nílẹ̀ Gà, òfin ni. Bí oníbàárà bá bèèrè iye wa lọ́wọ́ ìyá mi ní ìsọ̀ ìpara rẹ̀ ní ọjà Okaishie, á ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ kíláàsì kìíní, tí mo mọ orúkọ gbogbo wa, tí n kò mọ iye wa.

Lọ́dún yẹn, àìsàn kọ lu àbúrò tó tẹ̀lé mi. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọn ò gbé e bọ̀. Ìyá àgbà ní ó ti bá àwọn èèyàn wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, pé bí ara rẹ̀ bá le tán, yóò dé. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kì í lọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé wa? Inú tiẹ̀ bí mi pé wọn ò mú mi dání.

Olùkọ́ wa, obìnrin Gà tí à ń pè ní Madam, tó máa ń ra ìpara lọ́wọ́ ìyá mi, ń kọ́ wa ní ìyọkúrò. Kò yé wa. Ó to ìdérí ìgò sórí tábìlì, ó yọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, a tún kà á mọ́ ìyókù. Ó ṣáà wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ó wá ní kí kálukú to ìdérí kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ bí.

Mo ń to tèmi, mo ń pe orúkọ wọn sínú. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni mo ń ṣe. A jẹ́ mẹ́rin.

Madam dúró tì mí. Ó ti wá bá ìyá mi kẹ́dùn. Ó rò pé mo mọ̀.

"Sọ́rì wai, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èyí tó kú, a kì í kà á mọ́."

Ó mú ìdérí kan, ó fi í sápò. "Ó ku mélòó?"

Mo ronú sí i. Ẹni tó rìnrìn àjò, a ṣì ń kà á. Ẹni tí a kò kà mọ́, kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara mi kú tipiri, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Ẹkún ò wá.

"Mẹ́ta," mo ní.

Inú Madam dùn, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á ní kíláàsì wa. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì dìde, mo dúpẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.