Fíríìjì Gáàsì Tó Gba Abẹ́rẹ́ Lálejò

Òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta, oòrùn ò sì yọjú rárá, nígbà tí Nọ́ọ̀sì Fúnmi sáré wọ ìsọ̀ mi ní Sábó, ó gbá kúlà kan mọ́ àyà. Ọdún 1994 ni. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo ń tà. Fíríìjì mi kì í wojú àwọn oníná: gáàsì ló ń jẹ. Iná kékeré kan a máa jó lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ a sì tutù. Bí iná ṣe ń mú nǹkan tutù, ẹ má bi mí.

Nígbà tí wọ́n gbé sólà sórí ilé ìwòsàn wọn, Nọ́ọ̀sì yìí ló ní, "Ìyá Ràmọ́, ẹ gbé arúgbó yẹn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. A kì í ra oòrùn."

Lọ́jọ́ òjò yìí, mo bi í léèrè, "Oòrùn dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bátìrì ti kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló wà níbí, yìnyín rẹ̀ sì ti ń yọ́. Ọ̀la làwọn ìyá wọn ń bọ̀. Tó bá gbóná, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Mo gbé ẹ̀rín tí mo ti ń tọ́jú dè é tì. Mo kó ọtí mi síta. Ó fi ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù sínú fíríìjì, ó ní kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Mo ń dín iná náà kù díẹ̀díẹ̀ títí Nọ́ọ̀sì fi ní ó tó, ó wá kó abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀.

"Ẹ má ṣí i o, mà."

"Nínú ìsọ̀ ara mi?"

"Ẹ má ṣí i."

N ò ṣí i. Alhaji kan tó ń ta màlúù mu ọtí tirẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó wò mí. "Ìyá Ràmọ́, tíì lẹ ń tà báyìí?"

"Ṣúgà ti wà nínú ẹ̀. Ẹ máa mu ún lọ."

Lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ pé, ó tutù bó ṣe yẹ. Ìsọ̀ mi ni mo ti ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ náà, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹni tó wá tún sólà ṣe ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná: bí omi odò tó ń yí ẹ̀rọ wọn bá fà lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀rọ oní-gáàsì ni wọ́n ń gbára lé. Mo ní kó lọ wí i létí Nọ́ọ̀sì.

Oòrùn padà, sólà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, Nọ́ọ̀sì a yà sí ìsọ̀ mi: "Ìyá Ràmọ́, ṣé gáàsì wà?"

Àwọn ọmọ ọjọ́ náà ti dàgbà. Wọ́n ń wá ra ọtí, wọ́n ń ráhùn pé kò tutù tó. Mo máa ń sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ wọn sùn níbẹ̀ mọ́jú, kò ráhùn.