Túbà Tí Orí Mi Mọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọrùn mi ṣì lágbára, èmi ni mo máa ń ru túbà bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ túbà. Òun ni fèrè idẹ tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè; tí bàbá mi bá fọn ún, àga tí ẹ jókòó lé á gbọ̀n. Mo máa ń ká òṣùká, wọn á gbé e rù mí, mo sì máa ń yan lọ bí olorì. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, wọ́n gbé e jù sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbọ́ pé ìjọ fẹ́ ta gbogbo idẹ ibẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ara mi ò gbà á. Mo dìde, mo lọ síbẹ̀. Túbà méjì ni mo bá, méjèèjì ti dúdú, wọ́n sì jọra bí ìbejì.

Akọ̀wé ìjọ bi mí pé, "Mama, èwo ni ti Bàbá níbẹ̀? A wá orúkọ lára wọn, a ò rí i."

Báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Eérú wa ti fọ̀ ọ́ kúrò tipẹ́! Mo tú gèlè mi, mo ká a bí òṣùká, mo ní kí wọ́n gbé wọn rù mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Èkejì jókòó dáadáa, torí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú láti ìgbà èwe mi, ibẹ̀ gan-an ni orí mi máa ń bọ́ sí. Mo ní, "Òun nìyí."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ayépé tó ń tún fèrè ṣe. Ó fi òróró tú àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ tó ti gan, ó fi òjé dí ibi tó lu. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mama, ibi tó tẹ̀ yìí ló ń dí ohùn rẹ̀. Ṣé kí n lù ú jáde?"

Àmì kan ṣoṣo tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò ra túbà kí n lè rí nǹkan rù. Mo ní, "Lù ú, ọmọ mi."

Nígbà tó fọn ún, mo sunkún, ojú ò sì tì mí. Ohùn ilé wa ni.

Ayé ti yí. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé túbà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ọmọbìnrin kan ló sì ń fọn ún. Nígbà tiwa, obìnrin lè rù ú, ó lè fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án. Inú mi dùn sí ọmọ náà gan-an. Mo sì ń jowú rẹ̀.