Ìṣẹ́jú Mẹ́fà tí Mo Pè ní Ọjọ́ Mẹ́ta

Obìnrin kan ní Ibafo ló kọ́ mi ní irọ́ pípa. Èmi kì í ṣe òpùrọ́ tẹ́lẹ̀, àfi àwọn kéékèèké tí ènìyàn fi ń bá ayé gbé. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń yí fídíò padà fún àwọn ènìyàn nínú yàrá kan tí mo háyà ní Mowe: fídíò ìsọmọlórúkọ tí kò wọ fóònù, fídíò ìgbéyàwó tí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ tí kò fẹ́ fi hàn, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá ń sọ pé òun ò lè ṣí. Kọ̀m̀pútà mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá na ara tán, ẹsẹ̀ mi á kàn án.

Nígbà kan, òótọ́ ni pé iṣẹ́ náà máa ń pẹ́. Ọpọlọ kọ̀m̀pútà nìkan ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, fídíò wákàtí kan lè gbà á ní wákàtí mẹ́ta, á máa gbóná, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà tó yá ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ibogun pinnu láti fi eré orí kọ̀m̀pútà sílẹ̀ kó lè ráyè kàwé, ó sì ta káàdì gíráfíìsì rẹ̀ fún mi. Nítorí eré ni wọ́n ṣe ṣe irú káàdì yẹn, kí àwòrán lè máa sáré geere lójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà fi àpótí kékeré kan hàn mí lójú kọ̀m̀pútà, nínú ètò tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, káàdì náà yóò bá ọpọlọ kọ̀m̀pútà gba ẹrù. Mo tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta parí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo ṣí fídíò náà, ó pé, orin ń jáde. Ìwọ̀nba àyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì, mo jó o tán.

Obìnrin Ibafo yìí ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó gbé fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ wá, mo ní kó jókòó, kó tó mu omi tí mo gbé fún un tán, mo ti fa fúláàṣì tí fídíò náà wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó wo fúláàṣì, ó wò mí.

"Ẹ ti ṣe é tán?"

"Mo ti ṣe é tán, mà."

"Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?"

Kò tilẹ̀ wo fídíò náà. Ó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Ibafo, ìyẹn fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko dá a dúró, ó wá gbé irú ohun kan náà tí mo ṣe fún un. Títí di òní ni obìnrin yẹn ń yìn ín kiri pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Inú bí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo gbọ́n.

Láti ìgbà náà, ẹni yòówù kó gbé iṣẹ́ wá, ọjọ́ mẹ́ta ni. Màá ṣe é tán kí ẹni náà tó dé ibùdókọ̀, màá jù ú sínú dúrọ́ọ̀, màá lọ wo bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá pè mí, màá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí n tó dáhùn: "Ó ti ń lọ o. Ó ti kọjá ààbọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jó yẹn ló ń dà mí láàmú." Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá gbà á, màá bu omi díẹ̀ sójú kó lè dà bíi pé mo làágùn. Wọ́n á máa kí mi kú iṣẹ́, wọ́n á máa kí mi kú làálàá, àwọn mìíràn á tún gbé ọsàn dání. Ẹ̀rí ọkàn ò dà mí láàmú rárá. Ọsàn náà dùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àṣírí mi, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo fẹ́ fi ṣe aya. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi: "Má dán èyí wò lọ́dọ̀ bàbá mi o."

Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà ní Ifọ̀, àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í yára jẹun. Ọkùnrin kan ti wá tọrọ ọmọ yìí rí kí n tó dé. Wọ́n ní rédíò bàbá dákẹ́ lọ́jọ́ tó wá kí wọn, ó sì tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rédíò tún dákẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni bàbá wí, kò sì sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, wọn ò bi mí léèrè ìdílé mi ní Ìwó, wọn ò bi mí bóyá mo ní ilẹ̀. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú fúláàṣì kan jáde tí wọ́n fi aṣọ ìnujú wé. Ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀. Ìyá náà ti kú tipẹ́tipẹ́. Òjò ti ba fọ́tò rẹ̀ jẹ́, ibi kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ sì kù sí láyé ni fídíò ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ yìí lórúkọ, níbi tí ìyá àgbà ti gbé e lọ́wọ́ tó ń ṣàdúrà fún un. Ẹnì kan ti bá wọn gbé e láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí fúláàṣì, ṣùgbọ́n ó tóbi, irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n wọn kò mọ̀ ọ́n kà sì ni.

"Bá mi ṣe é," ni bàbá wí. "Kí n rí bó o ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a óò sọ ìyókù."

Mo mọ ohun tí ìyókù náà jẹ́. Ìyàwó mi wà nínú fúláàṣì yẹn pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀.

Mo dé Mowe, mo tẹ àpótí mi. Mo tún gbọ́n kún un: mo ní kí fáìlì náà kéré gidi, kó lè wọ fóònù gbogbo ẹbí, kí wọ́n máa pín in kiri, kí wọ́n máa dárúkọ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀, mo wo ìparí, mo gbọ́ pé ohùn ń jáde, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Mo wá fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ẹ̀pà.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, gbogbo wa péjọ sí pálọ̀ ní Ifọ̀. Bàbá wà lórí àga tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn, ìyàwó wọn jókòó tì wọ́n, àbúrò wọn obìnrin wá láti Òkè-Àró, ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti bu omi sójú kí n tó wọlé.

"O kú làálàá, ọmọ mi," ni ìyàwó bàbá wí.

"Ọjọ́ mélòó ló gbà ọ́?" ni bàbá bi mí.

"Ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn."

Ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Mo ki fúláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìyá àgbà yọ, ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣàdúrà. Àbúrò bàbá fò dìde: "Ìyá wa rè é o! Ohùn ìyá wa rè é!" Ìyàwó bàbá bú sẹ́kún. Èmi ti ń ro irú aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Bàbá dìde, wọ́n rọra rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ìka kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú gíláàsì.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa ni o," ni àbúrò wọn dáhùn.

"Ìyá mi ní pélé lójú."

Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó. Òótọ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà ń dán bí ẹ̀yìn àwo, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Káàdì tí mo ní kó yára, tí mo tún ní kí fáìlì kéré, ti gbá gbogbo ohun wínníwínní tó rí nínú àwòrán àtijọ́ náà dànù. Ó kà wọ́n sí ìdọ̀tí orí kásẹ́ẹ̀tì, ó sì gbá pélé mẹ́ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti mẹ́ta ti òsì mọ́ ọn. Wọn ò bí káàdì ní ilẹ̀ wa, níbo ni yóò ti mọ ilà ojú?

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni bàbá wí. Wọn ò pariwo, ìbá sì sàn kí wọ́n pariwo. "O jókòó ti ìyá mi fún ọjọ́ mẹ́ta, o ò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ wo bí ọgbọ́n mi ṣe dè mí mọ́lẹ̀. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣiṣẹ́ tí ilà ojú pòórá, aláìfarabalẹ̀ ni, wọ́n lè bá a wí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta wo ìyá ẹni tí kò rí i, irú ọkọ wo ni yóò jẹ́ fún ọmọ ẹni? Irọ́ tí mo fi ń gba ọsàn ní Mowe ti fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi ní Ifọ̀. Mo wo ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́fà, bàbá. Ẹ̀rọ kan ló ń bá mi ṣe é. Bí mo bá sọ pé ó yá bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn kì í gbà pé mo ṣiṣẹ́. Omi ni mo bù sójú yìí, kì í ṣe òógùn."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó gbé e mì. Bàbá dúró lé mi lórí.

"Dìde. Tẹ̀ lé mi."

Wọ́n mú mi gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo rò pé igi ni wọ́n fẹ́ fà yọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n wọ̀tún, wọ́n wòsì, wọ́n wá ká àwọn àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rán pọ̀ kúrò lórí nǹkan kan ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìfági oníná ni, ńlá, ó ń dán.

"Ṣé o rí i? Gbogbo Ifọ̀ ló mọ̀ pé ọwọ́ ni mo fi ń fági. Ilẹ̀kùn kan, ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá gbọ́ ariwo, màá ní àwọn tó ń lọ ata ni."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá fa ilẹ̀kùn kan tó ti parí síwájú, wọ́n ní kí n fọwọ́ pa á. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

"Ẹ̀rọ fá a ní ìdajì wákàtí. Àmọ́ kó tó jáde lọ́dọ̀ mi, mo fi ọwọ́ yìí pa gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ rẹ ò ṣẹ̀ mí. Ìwọ lo ò wò ó."

Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ.

Lọ́jọ́rú, bàbá fúnra wọn wá sí Mowe, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara wọn rí ẹ̀rọ onírọ́ náà. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kí fáìlì tóbi bó ṣe fẹ́, kí káàdì má baà rí ìdí tí yóò fi gbá nǹkan dànù, mo sì tẹ àpótí kékeré. Ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀m̀pútà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, bàbá."

"Olè ni ọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí wọn.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. A wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, odindi wákàtí kan, mi ò jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan fò. Nígbà tí ìyá àgbà yíjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, pélé mẹ́ta yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, tínrín, mẹ́ta yọ ní òsì. Bàbá kà wọ́n sókè, mo sì kà wọ́n tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n tó ka ẹ̀kẹfà, ohùn wọn ò dúró déédéé mọ́.

Bí ó ṣe parí ni fóònù wọn dún. Ọmọ wọn ni.

"Bàbá mi, ṣé ó ti parí?"

Bàbá wo kọ̀m̀pútà, wọ́n wò mí. Wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ó ti rẹ̀ dé egungun.

"Parí kẹ̀? Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi àdúrà yẹn ló ń dà wá láàmú. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa gbà o, ó di ọjọ́ Jimọ̀."

Mo gbọ́ tí ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín ní òdìkejì. Wọ́n pa fóònù, wọn ò wo ojú mi.

"Bí mo bá gbé e délé lónìí, àbúrò mi á máa ké, ilé á kún," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí èmi nìkan kọ́kọ́ wo ìyá mi ná." Wọ́n tún fìlà wọn dé. "Bí o bá ń gbé e bọ̀ ní Ifọ̀ lọ́jọ́ Jimọ̀, mú bàbá rẹ dání."

Mo dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ jókòó síta, mo sì pe bàbá mi ní Ìwó.